Joseph-Armand Bombardier, ọkùnrin tó fi mọ́tò rìn lórí yìnyín

Ìtàn tí a mú wá lónìí jìnnà sí ilẹ̀ wa. Québec ló ti wá, ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé bíi tiwa níbí, ṣùgbọ́n tí òtútù ibẹ̀ kò jọ ohunkóhun tí ara wa mọ̀. Àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé tàbí tó lọ ṣiṣẹ́ ní Montréal mọ orúkọ Bombardier, torí ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀. Àwọn mìíràn ti rí orúkọ yẹn lára ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹni tó ni orúkọ náà kò ṣe ọkọ̀ ojú irin kankan rí, kò sì ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Mẹkáníìkì abúlé ni. Yìnyín ló bá jà títí ọjọ́ fi pé.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1907 ní Valcourt, abúlé àgbẹ̀ kan ní ìhà ìlà oòrùn Montréal. Alfred Bombardier ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Anna Gravel. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí nígbà náà, torí láìsí ìyẹn, ìtàn náà kò ní yé wa. Tí ìgbà òtútù bá dé, yìnyín á bo gbogbo ojú ọ̀nà, á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọn kì í kó o kúrò lójú ọ̀nà oko. Ẹni tó ra mọ́tò á gbé e sínú ilé, á fi igi ti ìdí rẹ̀ sókè, ó di ìgbà tí ooru bá padà. Ẹṣin ló kù, ẹṣin àti ọkọ̀ pákó aláìní táyà tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn. Aláìsàn, aboyún, lẹ́tà, òkú tí wọ́n fẹ́ lọ sin, gbogbo wọn, lẹ́yìn ẹṣin ni.

Láti kékeré ni ọwọ́ ọmọ yìí kò ti lè dúró jẹ́ẹ́. Ó ń tú aago, ó ń fi nǹkan inú rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ìṣeré tó ń rìn fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó di Fádà, nítorí náà nígbà tó pé ọmọ ọdún 14 wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn Fádà ní Sherbrooke. Ó lọ, ó ń kàwé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò nídìí irin. Bàbá náà wá fún un ní ẹ́ńjìnnì mọ́tò Ford àtijọ́ kan pé kó máa fi ṣeré. Àwa rò pé bàbá náà kò mọ ohun tó ń ṣe.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1922, ọmọ ọdún 15 ni Armand, òun àti àbúrò rẹ̀ Léopold ti nǹkan kan jáde láti inú àhámọ́. Ọkọ̀ pákó tí ń yọ̀ lórí yìnyín ni, wọ́n de ẹ́ńjìnnì Ford yẹn mọ́ ọn, wọ́n sì fi abẹ̀bẹ̀ onígi ńlá sí i lẹ́yìn, bíi ti ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ará abúlé gbọ́ ariwo, wọ́n jáde wò ó. Nǹkan náà rìn! Ó gba ojú ọ̀nà abúlé kọjá, abẹ̀bẹ̀ ń yí fìrìfìrì, ajá ń sá, ẹṣin ń ta. Bàbá rẹ̀ rí abẹ̀bẹ̀ tó ń yí láìsí ohun tó bò ó, ó rí i pé orí ènìyàn lè bá a lọ. Ó ní kí wọ́n tú u palẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tú u.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 17, ó fi ilé ẹ̀kọ́ àwọn Fádà sílẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ ní gáráàjì kan ní South Stukely, lẹ́yìn náà ó lọ sí Montréal, ó ń ṣe mẹkáníìkì lọ́sàn-án, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ àti iná mànàmáná lálẹ́. Ní 1926 ó padà sí Valcourt, bàbá rẹ̀ yá a lówó, ó ṣí gáráàjì tirẹ̀. Ọmọ ọdún 19 péré ni. Tí irinṣẹ́ kan kò bá sí, á rọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ìgbà ooru ló ń pawó níbi títún mọ́tò ṣe. Tí òtútù bá dé, tí àwọn oníbàárà bá ti gbé mọ́tò wọn sílé, á ti ilẹ̀kùn, á padà sídìí ohun tí bàbá rẹ̀ ní kó tú palẹ̀ lọ́jọ́sí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ iṣẹ́ yìí á bi wá pé kí ló le níbẹ̀. Ohun tó le ni pé mọ́tò wúwo, táyà rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Yìnyín tuntun dà bí ìyẹ̀fun gààrí tí wọ́n kó jọ ga ju ènìyàn lọ: tí o bá fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, o rì. Táyà á yí, á gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀, á sì jókòó sínú kòtò náà. Àfi kí ìwúwo mọ́tò tàn ká orí ilẹ̀ tó gbòòrò. Àwọn mìíràn ti ń gbìyànjú rẹ̀ nígbà yẹn. Ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, Carl Eliason ti fi ẹ́ńjìnnì sórí ọkọ̀ pákó, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1927. Bombardier kọ́ kan, ó tú u, ó kọ́ òmíràn, ó tún tú u. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ́dọọdún.

Ó ti fẹ́ Yvonne Labrecque ní oṣù kẹjọ ọdún 1929. Wọ́n bí ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Yvon.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1934, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Yvon. Ọmọ ọdún méjì ni. Ohun tó ń ṣe é ni ìfun kékeré kan tó wú tó sì bẹ́ sínú, èyí tí àwọn dókítà wa ń pè ní appendicite, tí ìdọ̀tí rẹ̀ sì ti tàn ká gbogbo ikùn. Iṣẹ́ abẹ ló lè gba ọmọ náà là, ilé ìwòsàn tó lè ṣe é sì wà ní Sherbrooke, nǹkan bí 50 kìlómítà sí wọn. Yìnyín ti dí ọ̀nà. Mọ́tò kò lè kọjá. Ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ wà nínú gáráàjì, àmọ́ ó ti tú u ká, irin rẹ̀ wà nílẹ̀ káàkiri, kò sí bó ṣe lè tò ó pọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ náà kú.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ikú ọmọ náà ló mú kí bàbá rẹ̀ di onímọ̀ ẹ̀rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìlá ni ó ti wà nídìí rẹ̀ kí ọmọ tó kú. Lójú tiwa, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà korò jù. Ẹni tó ń wá oògùn àrùn kan láti ìgbà èwe rẹ̀, àrùn náà wọlé tọ̀ ọ́ wá, oògùn náà sì kù díẹ̀ kó jinná. Àwa náà ní ilẹ̀ wa mọ irú rẹ̀. Ẹ bi àwọn ìyá tó ti gbé aboyún sẹ́yìn zémídjan nígbà òjò, tí ọ̀nà ti di ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan, ní 1935, ó rí i ṣe. Ẹ fọkàn bá wa lọ, ibi tó dùn nìyí. Ó fi bẹ́líìtì rọ́bà gígùn tó ń yí po, bí ti katapílà, sí ìdí ọkọ̀ dípò táyà ẹ̀yìn, ó sì fi ọ̀pá irin há a láàárín ní ìbú. Kí bẹ́líìtì yìí lè yí, ó ṣe kẹ̀kẹ́ eléyín kan tí ẹ́ńjìnnì ń yí, eyín rẹ̀ sì ń wọ àárín àwọn ọ̀pá irin náà, gẹ́gẹ́ bí eyín kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ń wọ inú ṣéènì. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ó fi rọ́bà bo kẹ̀kẹ́ eléyín náà. Irin sí irin, yìnyín máa ń dì mọ́ ọn títí ohun gbogbo fi há. Yìnyín kò lè di rọ́bà tó ń nà tó ń sún kì mú bẹ́ẹ̀. Kò pariwo púpọ̀, kò sì tètè jẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1937 ìjọba Kánádà fún un ní brevet, ìwé tó jẹ́rìí pé òun ló ni ọgbọ́n yẹn. Ó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó ju 40 lọ kó tó kú.

Ọkọ̀ tó fi ọgbọ́n yìí kọ́ ni B7: B dúró fún Bombardier, 7 fún ènìyàn méje tó lè jókòó nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ jẹ́ pákó, ojú rẹ̀ rí roboto, ó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì níwájú tó ń yọ̀ lórí yìnyín, ó ní bẹ́líìtì lẹ́yìn. Àwọn tó kọ́kọ́ rà á ni àwọn tí kò lè jókòó sílé nígbà òtútù: dókítà, Fádà, àwọn tó ń gbé lẹ́tà, àwọn onílé ìtura, àwọn tó ń sìnkú. Ní oṣù kìíní ọdún 1941 ó ṣí ilé iṣẹ́ tuntun tó lè ṣe ọkọ̀ 200 lọ́dún. B12 tẹ̀lé e, ènìyàn méjìlá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé, 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ní ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó nílò rẹ̀ lóòótọ́, Bombardier sì ń ṣe ọkọ̀ fún àwọn ọmọ ogun. Ní 1942 ni wọ́n fìdí ilé iṣẹ́ náà múlẹ̀ lábẹ́ òfin, wọ́n pè é ní L'Auto-Neige Bombardier.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ohun tó gbà á là fẹ́ pa á. Ní 1948 ìjọba Québec pàṣẹ pé kí wọ́n máa kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà abúlé. Ohun rere ni, àbí? Tí òfin yẹn bá ti wà ní 1934, mọ́tò ì bá gbé Yvon dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ta ọkọ̀ orí yìnyín, ọjà ti wó nìyẹn. Bombardier kò lọ bẹ ìjọba. Ó yí ojú sí ibi tí ọ̀nà kò ní dé láéláé: igbó tí wọ́n ti ń gé gẹdú, àbàtà tí wọ́n ti ń wa epo. Ní 1953 ó mú ọkọ̀ Muskeg jáde, èyí tó ń rìn lórí yìnyín, lórí ẹrẹ̀, lórí irà. Owó padà wọlé.

Síbẹ̀, kò gbàgbé ọkọ̀ kékeré tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ 1922 yẹn, tí ènìyàn kan tàbí méjì á gùn bí ẹní gun alùpùpù. Ohun tó dá a dúró láti ọjọ́ yìí wá ni ẹ́ńjìnnì, torí àwọn tó wà wúwo jù. Nígbà tó di ọdún 1950 sókè, ẹ́ńjìnnì kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, irú èyí tí wọ́n ń fi gé koríko. Germain, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì jùmọ̀ ṣe bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ kan tí kò ní ojú ìsopọ̀ kankan.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1959, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ lọ sí Lansdowne House, ní àríwá Ontario, fún Fádà Maurice Ouimet, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ajá ni Fádà yìí àti àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ fi ń fa ọkọ̀ pákó wọn. Ajá ń jẹun nígbà òtútù, ó ń jẹun nígbà ooru tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ yìí kì í jẹ nǹkan tó bá ti dúró. Wọ́n ní orúkọ tí Bombardier fẹ́ sọ ọ́ ni Ski-Dog, torí pé ó fẹ́ rọ́pò ajá, àṣìkọ ló sọ ọ́ di Ski-Doo, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́, 225 ni wọ́n tà. Kó tó di pé ó kú, ó ti lé ní 8,000 lọ́dún.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí nǹkan kan tó wà nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, torí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní irú rẹ̀ nílé láìmọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ni, tí àwọn ará Kùtọnu ń pè ní embrayage. Lórí alùpùpù onígíà, ìwọ lo ń fi ọwọ́ fa kílọ́ọ̀ṣì, tí o ń fi ẹsẹ̀ yí gíà. Ṣùgbọ́n ẹ wo scooter tí àwọn obìnrin wa ń gùn lọ sọ́jà: kò sí ohun tí wọ́n ń yí. O fún un ní epo, ó lọ. O dẹ̀ ẹ́, ó dúró. Ẹ̀rọ orí yìnyín náà bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ nípọn, tí ìka rẹ̀ ti kú fún òtútù, kò lè máa wá gíà kiri. Bombardier kọ́ ló kọ́kọ́ ronú kan kílọ́ọ̀ṣì oníbẹ́líìtì yìí o. Ilé iṣẹ́ DAF ní Holland ti fi irú rẹ̀ sínú mọ́tò ní 1958.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, àwo irin méjì dojú kọ ara wọn, bẹ́líìtì sì wà láàárín wọn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, àwo méjèèjì jìnnà síra, bẹ́líìtì kò di nǹkan kan mú. Tó bá yára, àwọn irin kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ á ju ara wọn síta, bí omi ṣe ń ta jáde lára aṣọ tí a ń fì, wọ́n á ti àwo kan sún mọ́ èkejì, bẹ́líìtì á há, á máa gùn lọ sókè, ọkọ̀ á gbéra. Lẹ́yìn, àwo méjì mìíràn wà tí sípíríǹgì fún pọ̀. Bí bẹ́líìtì ti ń gùn níwájú ló ń rì lẹ́yìn. Gíà ń yí nìyẹn, láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá dé orí òkè, tí ẹrù wúwo, ihò oníyípo kan tí wọ́n gbẹ́ sínú àwo ẹ̀yìn á tún fún bẹ́líìtì pọ̀, gíà á padà sílẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí kì í fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní iye ìyípo tí agbára rẹ̀ ti pé jù, ká sọ pé 8,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí abẹ́rẹ́ lọ síbẹ̀ kó sì dúró síbẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá ti fún un ní epo tán. Tí àwọn irin kéékèèké yẹn bá wúwo jù, àwo á tètè há, ẹ́ńjìnnì á rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí a gbé ẹrù lé lórí kó tó nàró. Tí wọ́n bá fúyẹ́ jù, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní lọ bó ṣe yẹ. Nítorí náà wọ́n ń fi gíráàmù kọ̀ọ̀kan kún un, wọ́n ń yọ ọ́. Sípíríǹgì iwájú tó bá le máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́ kó tó gbéra. Lórí òkè gíga, afẹ́fẹ́ kò tó, ẹ́ńjìnnì a máa rọ, wọ́n á yọ nínú ìwúwo náà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í yí nǹkan méjì pọ̀. Ọ̀kan ni, á gùn ún, á wo abẹ́rẹ́, á pa á, á fọwọ́ kan àwo. Àwo tó bá gbóná jù, ibẹ̀ ni bẹ́líìtì ti ń yọ̀. Bẹ́líìtì tó ti jẹ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ pààrọ̀, torí tí bẹ́líìtì bá ti tín-ín-rín, gbogbo ìṣirò yòókù ti bàjẹ́. Ẹ bi mẹkáníìkì scooter tó wà ládùúgbò yín. Òun náà ń ṣe é, pẹ̀lú àwọn irin roboto kéékèèké tó ń pè ní galets.

Bombardier kò rí ibi tí gbogbo èyí dé. Ó rò pé Fádà, ọdẹ àti dókítà ni yóò ra Ski-Doo. Àwọn tó rà á jù ni àwọn tó fẹ́ fi ṣeré, tó fẹ́ fi sáré, tó fẹ́ fi pariwo nínú igbó lọ́jọ́ ìsinmi. Ní àríwá, ajá tí ń fa ọkọ̀ pákó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn àgbà kan níbẹ̀ sì ń kábàámọ̀ rẹ̀, torí ajá mọ ọ̀nà ilé nínú ìjì, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n a kò rí i kí aláìsàn kankan níbẹ̀ ní òun fẹ́ padà sẹ́yìn ajá.

Àìsàn jẹjẹrẹ pa á ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1964. Ọmọ ọdún 56 ni. Germain gba ipò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà Laurent Beaudoin, ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, di olórí ilé iṣẹ́ ní 1966. Ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, lẹ́yìn náà ọkọ̀ òfuurufú. Ní 2003 wọ́n ta ẹ̀ka tó ń ṣe Ski-Doo, ó di ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ BRP, ṣùgbọ́n ní Valcourt ni wọ́n ṣì ti ń ṣe é. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà ní abúlé náà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Gáráàjì tó ṣí ní 1926 wà nínú rẹ̀, ènìyàn lè wọlé lọ wò ó.